Ẹ fẹ́ ka jáàsì àti kọmáṣíà músíìkì ní yunifásítì? Etí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ ṣe ódíṣọ̀n, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n ti ń gbọ́ bí èèyàn ṣe ń lu nǹkan, láti wọ yunifásítì, bulúùsì ni mo fẹ́ fun, kíì F (kíì ni nóòtì tí orin fìdí kalẹ̀ sí). Áótò sáksófóònù ni mo ń fun, bẹ́ẹ̀ sì rèé, tí píánò bá wà ní F, D ló máa wà lórí bébà tiwa, torí orúkọ tí fèrè wa ń pe nóòtì yàtọ̀ sí ti píánò. Bébà D yẹn gan-an ni mo gbé fún ẹni tó fẹ́ bá mi tẹ píánò, mo kà á, wán, tú, wán tú tírì fọ́ọ̀, la bá bẹ̀rẹ̀. Òun ń tẹ D, ohun tó ń jáde lẹ́nu fèrè tèmi F ni. Àṣìṣe bébà ìyẹn kéré, ẹnikẹ́ni lè ṣe é. Èyí tó ń dùn mí títí dòní ni pé mo fun odidi báà 12 (báà ni ìpín kéékèèké tí wọ́n pín orin sí), mo tún ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn, kí n tó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, ojú tí ẹni tó wà nídìí píánò ń fà sí mi ni mo sì fi mọ̀, kì í ṣe etí mi. Wọn ò gbà mí lọ́dún yẹn. Mi ò bá wọn jà.

Torí ẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí yìí fi dá lórí etí, kódà níbi tó bá dà bíi pé ọ̀rọ̀ owó tàbí fọ́ọ̀mù là ń sọ. Ìka mi yá gan-an nígbà yẹn o, mo lè sá skéèlì méjìlá, ìyẹn àwọn nóòtì kíì kọ̀ọ̀kan ní títẹ̀léra, láìmí. Àmọ́ kò sí ilé ẹ̀kọ́ jáàsì tó ń wá ẹni tí ìka ẹ̀ yá nìkan, ẹni tó ń gbọ́ ohun tí àwọn tó yí i ká ń ṣe ni wọ́n ń wá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ èyí tẹ́ ẹ ń wá

Jáàsì àti kọmáṣíà sábà máa ń wà nínú dípátímẹ́ǹtì kan náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Nídìí jáàsì, ẹ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá sólò lójú ẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe ń to orin fún báńdì ńlá, ìtàn orin náà látorí Louis Armstrong, Duke Ellington, Charlie Parker títí dé ìsinsìnyí. Kọmáṣíà ní tiẹ̀, orin tí wọ́n ń ṣe kó lè tà ni: kíkọ orin tuntun, iṣẹ́ stúdíò, lílu nǹkan sẹ́yìn akọrin, orin fíìmù àti ti ìpolówó ọjà, pẹ̀lú òfin àti owó tó wà nídìí gbogbo ẹ̀. Àwọn kan rò pé kọmáṣíà rọrùn ju jáàsì lọ, irọ́ ni jàre, ẹni tó máa wọ stúdíò tó máa lu orin tí kò rí rí láìṣi lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn kì í ṣe ọmọdé.

Kò sì tíì pẹ́ púpọ̀ tí yunifásítì gbà pé èèyàn lè fi jáàsì gba dígírì. Ọdún 1947 ni ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní University of North Texas lónìí bẹ̀rẹ̀ dígírì jáàsì, òun sì ni àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Dance Band ni wọ́n fi bò ó lójú torí àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà yẹn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ jáàsì sétí. Báńdì tó lókìkí jù níbẹ̀, One O'Clock Lab Band, aago tí wọ́n ń ṣe ìdánrawò ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, kò sí ìtumọ̀ míì níbẹ̀. Berklee ní Boston, ọdún 1945 ni Lawrence Berk dá a sílẹ̀, Schillinger House ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ kó tó wá di 1954 tó fi orúkọ ọmọ ẹ̀ Lee pè é. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ kọmáṣíà gan-an gan-an, àwọn yunifásítì kan wà tó jẹ́ pé òun ni wọ́n fi ń pe orúkọ kọ́ọ̀sì wọn, bíi Belmont ní Nashville, níbi tí stúdíò pọ̀ bí nǹkan míì.

Kẹ́ ẹ tó fi owó fọ́ọ̀mù sílẹ̀, ẹ gbójú kúrò lára fọ́tò rèǹtèrente tó wà lórí ìkànnì wọn, síílábọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ wá. Wákàtí mélòó ni ẹ máa fi wà pẹ̀lú tíṣà ẹyọ kan lọ́sẹ̀, ẹ̀yin nìkan, láìsí ẹlòmíì? Báńdì mélòó lẹ máa wà nínú ẹ̀ ní sáà kan, àti pé ta ló ń yan èèyàn sí i? Ṣé yàrá ìdánrawò máa ń ṣí lóru? Ìyẹn tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ má fojú kéré ẹ̀ o. Dígírì náà tún ní oríṣi: ní Amẹ́ríkà, tó bá jẹ́ Bachelor of Music, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta iṣẹ́ yín lórin máa jẹ́, tó bá jẹ́ Bachelor of Arts, orin máa dín kù dáadáa, ẹ máa ka àwọn nǹkan míì kún un. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n sábà ń lò níbẹ̀. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ yunifásítì ń lo mẹ́ta, kọnsáfátọ̀, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ tó dá lórí orin, sì ń lo mẹ́rin.

Àti pé ẹ wo orúkọ tíṣà tó ń kọ́ irinṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ lọ gbọ́ bó ṣe ń lu nǹkan. Tí ohun tó ń ṣe ò bá wù yín gbọ́, ọdún mẹ́rin ti jìnnà jù.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi etí gbé sólò, bó ṣe yẹ

Ibí yìí ni mo fẹ́ jókòó sí díẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé kẹ́ ẹ máa gbé sólò, ìyẹn kẹ́ ẹ fi etí kọ́ ohun tí ẹnì kan dá lù nínú rékọ́ọ̀dù, wọn kì í sọ bí wọ́n ṣe ń gbé e, èèyàn á wá lọ wá èyí tẹ́nì kan ti kọ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, á kà á bí ìwé ìròyìn, á ní òun ti gbé e. Rárá o.

Ẹ mú sólò kan tí kò yára, báà 8 péré nínú ẹ̀. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má fọwọ́ kan irinṣẹ́ yín rárá, ẹ kàn máa gbọ́ ọ, nínú ọkọ̀, nídìí àwo tẹ́ ẹ ń fọ̀, títí tẹ́ ẹ máa fi lè fi ẹnu kọ ọ́ tẹ̀ lé ẹni tó ń fun ún, pẹ̀lú ibi tó ti mí àti ibi tó ti fà sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá ti pa rékọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ ṣì ń kọ ọ́ lọ, ó ti yá. Ẹ wá mú irinṣẹ́ kẹ́ ẹ wá nóòtì kìíní, ẹyọ kan, ẹ dúró lórí ẹ̀ títí tó fi máa ba tiẹ̀ mu. Ẹ lọ sí èkejì. Ápùù pọ̀ tó lè dín eré orin kù sí ìdajì láìyí ohùn padà, ẹ lò ó níbi tó bá ti le, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ní gbogbo nóòtì, iṣẹ́ ò tíì parí, ẹ tún gbé e sáré tirẹ̀, ẹ jọ fun ún pọ̀, títí ohùn tiyín á fi wọ inú tiẹ̀ lọ tẹ́ ẹ ò fi ní mọ èwo ni tiyín mọ́. Ìgbẹ̀yìn-gbẹ́yín la wá ń kọ ọ́ sórí bébà. Ìgbẹ̀yìn o. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ ọ́, ojú ló fi gbé e.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ mú gbólóhùn kan ṣoṣo nínú báà 8 yẹn, èyí tó wù yín jù, kẹ́ ẹ gbé e káàkiri kíì méjìlá. Gbólóhùn kan. Ó lè gbà yín lọ́sẹ̀ méjì, kò burú, gbólóhùn mẹ́wàá tẹ́ ẹ mọ̀ báyìí sàn ju ìwé sólò 50 tó wà lórí fóònù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ Yorùbá tún ní nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní, láti kékeré ni etí yín ti ń ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀ láìronú, dò re mí tí tíṣà fi kọ́ wa ní àmì ohùn náà ni. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó gun yín lórí: etí èdè ń gbọ́ pé ohùn lọ sókè tàbí sílẹ̀, kò bìkítà bóyá ó lọ sókè ní ìdajì ìgbésẹ̀ tàbí mẹ́rin. Orin bìkítà. Iṣẹ́ tó kù nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìrìn kọ́ọ̀dù mẹ́ta tó wà níbi gbogbo

Tí wọ́n bá ní kí n yan nǹkan kan ṣoṣo tí ẹni tó fẹ́ wọ jáàsì gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ìrìn méjì-márùn-ún-ọ̀kan ni, ìyẹn kọ́ọ̀dù (nóòtì mélòó kan tí wọ́n tẹ̀ pọ̀) tó dúró lórí nóòtì kejì, ìkarùn-ún àti ìkíní skéèlì. Ní kíì C, òun ni Dm7, G7, Cmaj7. Ẹ jókòó sídìí píánò, kódà tẹ́ ẹ bá jẹ́ onílù, kẹ́ ẹ tẹ nóòtì méjì péré nínú kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ìkẹta àti ìkeje ẹ̀. Dm7 ní F àti C. Tó bá di G7, F dúró síbi tó wà, C sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ di B. Tó bá di Cmaj7, B dúró, F ló wá sọ̀ kalẹ̀ di E. Fà pẹ̀lú dò, fà pẹ̀lú tì, mì pẹ̀lú tì. Ẹnì kan ń dúró, ẹnì kejì ń yọ̀ sílẹ̀, ẹ wá pààrọ̀. Nóòtì méjì yẹn ti sọ gbogbo ohun tí kọ́ọ̀dù yẹn fẹ́ sọ, ẹni tó bá ń lu béèsì á fi ìyókù kún un. Ẹ kọ ọ́ lẹ́nu, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní kíì méjìlá, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá lọ gbọ́ standard èyíkéyìí, ìyẹn orin jáàsì tí gbogbo olórin mọ̀, ẹ máa rí i pé ó kún inú ẹ̀ bámúbámú.

Kẹ́ ẹ kó orin sórí, sórí kì í ṣe sórí bébà. Bulúùsì ní F àti ní B♭, rhythm changes, ìyẹn ìrìn kọ́ọ̀dù kan tó gbajúmọ̀, ní B♭ (látinú orin kan tí George Gershwin kọ ní 1930 ni wọ́n ti yọ kọ́ọ̀dù ẹ̀), ballad (orin jẹ́jẹ́) kan, bossa nova (orin àwọn ará Brazil) kan, orin mẹ́ta mẹ́rin tó ń síwíǹgì. Bíi mẹ́wàá lápapọ̀ tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Mẹtirónóòmù, ẹ̀rọ tó ń lu bíìtì, ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kó máa lu gbogbo bíìtì. Tí orin bá wà ní 120, ẹ fi í sí 60, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ bíi bíìtì kejì àti ìkẹrin. Ó máa kọ́kọ́ dojú rú mọ́ yín lọ́wọ́, bó ṣe rí fún gbogbo èèyàn nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: fídíò àti ódíṣọ̀n

Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ máa ń kọ́kọ́ gba fídíò kí wọ́n tó pe èèyàn, ní Amẹ́ríkà ó sábà máa ń bọ́ sí nǹkan bí oṣù kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, ojúkojú á wá wáyé láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta. Ẹ ya fídíò yẹn lẹ́ẹ̀kan láìgé e, kí wọ́n rí ọwọ́ yín àti ojú yín. Ẹ bá èèyàn gidi lù ú tó bá ṣeé ṣe, kì í ṣe orin tí wọ́n ti ká sílẹ̀, torí orin tí wọ́n ká sílẹ̀ kì í dá yín lóhùn, ohun tí wọ́n sì fẹ́ rí ni bóyá ẹ máa ń dáhùn. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ lo tí wọ́n ti ká, kò sí wàhálà.

Bébà. Ẹ jọ̀ọ́, bébà. Píánò, gìtá àti béèsì ń ka kíì gidi, orúkọ nóòtì wọn ò yí padà. Áótò àti bárítóònù sáksófóònù, C tiwọn E♭ ló máa jáde, nítorí náà tí píánò bá wà ní C, A ló máa wà lórí bébà yín. Tẹ́nọ̀, tùróḿpẹ́ẹ̀tì àti kilarinẹ́ẹ̀tì, C tiwọn B♭ ni, tí píánò bá wà ní C, D ni tiyín. Ẹ tẹ bébà fún píánò ní ẹ̀dà mẹ́ta, kẹ́ ẹ kọ kíì gidi gàdàgbà sókè ẹ̀, kẹ́ ẹ tún fi ẹnu sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin akọrin, kíì tí wọ́n kọ sínú ìwé kì í ṣe tiyín dandan, ẹ mọ tiyín, kẹ́ ẹ sì mú bébà tó wà ní kíì yẹn dání, ẹ má ní kí onípíánò dá a yí padà lórí ìjókòó, ó lè ṣe é lóòótọ́ àmọ́ inú ẹ̀ ò ní dùn.

Kẹ́ ẹ tó kà á wọlé, ẹ fi ọkàn kọ báà méjì àkọ́kọ́ ná, eré tó bá jáde níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà máa ń yára kà á, á wá fi gbogbo orin náà sá tẹ̀ lé ara ẹ̀. Wọ́n tún lè ní kẹ́ ẹ ka orin tẹ́ ẹ ò rí rí. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣi, ẹ má dúró, ẹ má padà, ẹ fò ó kẹ́ ẹ pàdé wọn níwájú. Wọ́n lè tẹ nóòtì mẹ́rin kan lórí píánò kí wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ padà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ ẹni tó ti ń ṣe ìgbésẹ̀ kejì òkè yẹn.

Ọdún kejì tí mo padà lọ, mi ò fi bẹ́ẹ̀ fun nǹkan ńlá kankan. Onípíánò fi kọ́ọ̀dù kan sáàárín tí kò sí lórí bébà, mo gbọ́ ọ, mo dákẹ́ báà kan, mo wá dá a lóhùn ní báà kejì. Ó rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé wọ́n ti gbà mí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọdún àkọ́kọ́

Ẹ máa bá ara yín nínú báńdì ńlá: sáksófóònù 5, tùróḿpẹ́ẹ̀tì 4, tùróḿbóònù 4, píánò, gìtá, béèsì àti dúróọ̀mù, èèyàn 17. Ìjókòó kẹrin ni wọ́n sábà ń fún ọmọ tuntun, ẹ má binú, ẹni tó wà ní ìjókòó kìíní ló ń pinnu bí nóòtì ṣe máa gùn tó àti ibi tó ti máa gé, iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ fi etí lẹ̀ mọ́ ọn bí igbá ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdérí. Wọ́n máa fi píánò kún iṣẹ́ gbogbo yín, wọ́n máa fi sol-fa àti dídá orin kọ láti etí kún un. Ẹni tó bá ti kọrin nínú kóòyà rí ti ní àǹfààní ńlá níbẹ̀.

Ìdánrawò: iṣẹ́jú 40, ẹ sinmi 10, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ pín in sí ohùn, etí, orin. Tí ọrùn ọwọ́ bá ti ń dùn yín, ẹ dúró, ẹ má fi agbára là á kọjá, mo mọ ẹni tó pàdánù odidi sáà torí ẹ̀.

Etí fúnra ẹ̀ wá ńkọ́, ìyẹn tó wà lórí? Ariwo tó bá tó désíbẹ́lì 85, wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ ni àwọn onímọ̀ ààbò iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbà pé èèyàn lè wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá fi 3 lé sí i, ẹ gé àkókò yẹn sí méjì. Ní 100, ìṣẹ́jú 15 ló kù. Tí tùróḿpẹ́ẹ̀tì mẹ́rin bá wà lẹ́yìn orí yín nínú yàrá kékeré, ẹ ti mọ̀ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹ ra ìdí-etí tí wọ́n ṣe fún olórin, èyí tó ń dín gbogbo ohùn kù bákan náà, foomu lásán máa ń pa ohùn òkè jẹ ju ti ìsàlẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: apá tó ń mówó wọlé

Jáàsì nìkan lẹ fẹ́? Ẹ ṣì gba kíláàsì kọmáṣíà kan tàbí méjì. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi nọ́ńbà kọ kọ́ọ̀dù bíi tàwọn ará Nashville, 1, 5, 6, 4, tí akọrin bá ní ohùn òun ò dé ibẹ̀ lónìí, ẹ kàn yí kíì, bébà ò yí. Ẹ kọ́ láti lu nǹkan pẹ̀lú klíìkì, ìyẹn ìró mẹtirónóòmù, létí láìdi rọ́bọ́ọ̀tì. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ká ohùn ara yín sílẹ̀ nílé pẹ̀lú máíkì kan àti kọ̀ǹpútà, torí iṣẹ́ púpọ̀ ló jẹ́ pé fáìlì ni wọ́n máa fi ránṣẹ́, fáìlì lẹ máa dá padà.

Ọ̀rọ̀ owó orin, ẹ fi sọ́kàn pé nǹkan méjì ló wà nínú orin kan tí wọ́n gbé jáde. Orin tí wọ́n kọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn ẹ̀, jẹ́ ti ẹni tó kọ ọ́. Ohùn tí wọ́n ká sílẹ̀ ní stúdíò lè jẹ́ ti ẹlòmíì, bíi ẹni tó sanwó stúdíò. Owó méjèèjì ń gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọlé. Ẹgbẹ́ bíi ASCAP ní Amẹ́ríkà àti PRS ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá méjèèjì sílẹ̀ ní 1914, ti ẹni tó kọ orin ni wọ́n ń gbà. Gbogbo ohùn tí wọ́n bá gbé jáde tún máa ń ní nọ́ńbà ISRC tiẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 12. Tẹ́ ẹ bá bá ẹnì kan kọ orin, ẹ pín ìdá ẹ̀ sórí bébà kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ tó jáde ní yàrá yẹn, nígbà tí ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu gbogbo yín. Tí orin bá ti dòwò tán, ọ̀rẹ́ ò rántí ẹni tó mú ègbè wá mọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: àwọn èèyàn tẹ́ ẹ bá pàdé

Miles Davis, tó fun tùróḿpẹ́ẹ̀tì jáàsì, wọ Juilliard, ilé ẹ̀kọ́ orin ní New York, ní 1944, ó ń lọ sí kíláàsì lọ́sàn-án, lóru ó ń wá Charlie Parker kiri Òpópónà 52 ní New York, ó sì rí i. Kò pẹ́ tó fi ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Norah Jones akọrin náà ka píánò jáàsì ní North Texas, ó kúrò kó tó parí. Àwọn kan máa ń fi èyí gbá èèyàn létí pé ẹ má wulẹ̀ lọ. Èmi ò gbà, Esperanza Spalding, tó ń lu béèsì tó tún ń kọrin, parí ní Berklee, ó tún padà wá kọ́ni níbẹ̀ ní kékeré. Ohun tí mo rí nínú ìtàn Miles ni pé kò fi òru ṣòfò. Tí wọ́n bá ń ṣe jam session, ìyẹn ibi tí àwọn olórin ti ń pàdé lu nǹkan pọ̀ láìṣètò, ní alẹ́, ẹ lọ, kódà tẹ́ ẹ ò bá ní gorí pèpéle, ẹ jókòó sítòsí béèsì kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń rìn. Tí wọ́n bá pe orin tẹ́ ẹ ò mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn tẹ́ ẹ jọ ń jókòó ní ìjókòó kẹrin yẹn ló máa pè yín síṣẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọn ò ní béèrè máàkì yín, wọ́n á rántí bóyá ẹ máa ń tètè dé.

Nínú báàgì yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ìdí-etí, mẹtirónóòmù lórí fóònù, ìwé tó ní ìlà orin, àti pẹ́ńsù, ẹ má gbé báírò wá, wọ́n máa yí kíì yẹn padà.